Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: káàtì yunifásítì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ Calavi

Aláṣọ_Wàǹdó
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjàṣẹ́ níbí ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Wàǹdó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti gba bákì, ó ti rí àyè ní yunifásítì Calavi, inú wa dùn gan-an torí òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tó máa débẹ̀. Ọ̀rọ̀ káàtì etidiáǹ ni mo bá wá. Ẹnì kan ní láìsí káàtì kò ní wọ compo, ìdánwò wọn, ẹlòmíì ní káàtì kì í jáde lọ́jọ́ téèyàn bá forúkọ sílẹ̀, ìkẹta ní ká lọ plastifier gbogbo ìwé ẹ̀, ká fi ike bò ó, kó má baà bàjẹ́. Èmi, CM2 ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí jìyà torí ohun tí mi ò mọ̀. Kí la máa ṣe ṣáájú? Irú fótò wo? Tó bá sọ ọ́ nù lórí zém, ọ̀kadà akérò, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn bí ẹ ṣe máa dá ìyá yín lóhùn.

Ọmọ_Ànfì
Ẹ kú oríire tántì, Ọlọ́run á jẹ́ kó parí ẹ̀ láyọ̀. Èmi náà ń kàwé lọ́wọ́, ọdún kẹta mi rèé. Kó má jókòó máa retí káàtì o. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n bá fún un, fiche là ń pè é, pẹ̀lú quittance owó tó san, àwọn yẹn ló máa fi hàn pé ọmọ iléèwé ni kí káàtì tó dé ọwọ́ ẹ̀. Kó máa mú CIP ẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀, dání pẹ̀lú wọn. Kó sì há matricule ẹ̀, nọ́ńbà tí yunifásítì fún un, sórí bí nọ́ńbà fóònù ẹ̀, torí ibi gbogbo ni wọ́n ti máa bi í, ní biblio, lórí bébà ìdánwò, nígbà tó bá ń wo máàkì ẹ̀, èmi kì í tiẹ̀ wo ìwé mọ́ kí n tó kọ tèmi.

Olùkọ́_Kétu
Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó ronú nípa fótò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ORÚKỌ.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níbí fún ọdún púpọ̀, ohun tí mo sì rí tó ń dà wọ́n láàmú jù nìyẹn. Àwa Yorùbá ilẹ̀ Benin, orúkọ kan ṣoṣo la máa ń kọ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ mú Adéṣínà. Akọ̀wé tó gbọ́ Faransé á kọ ọ́ ní Adéchina, ẹni tí wọ́n bí lápá Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà tàbí tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé lọ́hùn-ún á kọ Adeshina, ẹlòmíì á kọ Adesina. Olúwatósìn á di Olouwatossin. Lẹ́nu wa ìkan náà ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá, lẹ́tà ló ń kà, tí lẹ́tà kan bá ti yàtọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn lójú tiẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi, mi ò ní dárúkọ iléèwé náà. Orúkọ tó wà lórí líìsì ìdánwò ní ch, èyí tó wà lórí káàtì ẹ̀ ní sh. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn ní kó dúró síta. Ó dúró, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kọ, ó ń wò wọ́n lójú fèrèsé, ó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ̀gá kan tó wá wo fótò ẹ̀ tó sì ní kó wọlé. Ọmọ yẹn ò lè kọ nǹkan gidi lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Torí náà ẹ tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì: ìwé ìbí ẹ̀, ìwé bákì ẹ̀, àti CIP. Ẹ jẹ́ kó fìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó wo ọjọ́ ìbí àti ìlú ìbí náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà RAVIP, ìgbà tí ìjọba ń forúkọ gbogbo èèyàn sílẹ̀, 2017 sí 2018, la sọ orúkọ wa lẹ́nu, ẹni tó ń kọ ọ́ sì kọ ohun tí etí ẹ̀ gbọ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe míì ti wọlé. Tó bá jẹ́ CIP ló yàtọ̀, ọ̀dọ̀ ANIP, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwé ìdánimọ̀, ni ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ ìwé ìbí gan-an ló ní àṣìṣe, ó lè dé ilé ẹjọ́, ìyẹn gba àsìkò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Káàtì táwọn yunifásítì bá tẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé tí ọmọ mú wá ni wọ́n máa tẹ̀ síbẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù. Lórí fọ́ọ̀mù, nom ni orúkọ ìdílé, prénoms ni orúkọ tiẹ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń yí i padà torí nílé orúkọ tiẹ̀ la kọ́kọ́ ń pè.

Síbà_Àjàṣẹ́
Ohun tí olùkọ́ sọ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i ní síbà mi, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti fótò àti plastifier.

Fótò: kí ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, kí ojú hàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kó má wọ dígí dúdú, kó má fi fótò àríyá ṣe é. Tó bá ń lo ìbòrí, kó fà á sẹ́yìn kí ojú ẹ̀ hàn gbangba. Ẹ ní kí onífótò tẹ̀ ẹ́ jáde ní bíi mẹ́jọ, torí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan á bèrè tiẹ̀, kó tún fún yín ní èyí tó wà nínú fóònù. Ṣùgbọ́n kó má kàn fi í ránṣẹ́ bíi fótò lásán lórí WhatsApp o, WhatsApp máa ń fún fótò pọ̀, ó máa ń ṣú, kó fi ránṣẹ́ bíi document.

Plastifier: mo bẹ̀ yín, Ẹ MÁ PLASTIFIER QUITTANCE. Bébà kékeré tó ń jáde látinú ẹ̀rọ ní báńkì, ooru ló fi ń kọ̀wé, kì í ṣe íńkì. Tó bá wọ ẹ̀rọ plastifier tó gbóná yẹn, gbogbo ẹ̀ á dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní rí nọ́ńbà kankan kà níbẹ̀ mọ́. Obìnrin kan gbé tiẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é níbòmíì, ó ń bèrè bóyá mo lè bá a nù ún. Kò ṣeé ṣe. Kódà bó ṣe wà bẹ́ẹ̀, tó bá pẹ́ nínú oòrùn tàbí nínú pọ́ọ̀sì ó máa ń parẹ́. Ọjọ́ tó bá ti gbà á ni kó ti ṣe fọ́tókópì méjì, kó ya fótò ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀, kí ẹ̀yin náà ní ọ̀kan nílé.

Káàtì oníke kò nílò plastifier rárá. Tó bá fẹ́ gbé e kọ́rùn kó ra àpò ike tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, kó má lu káàtì fúnra ẹ̀, torí ó lè lu ibi kóòdù.

Bàbá_Ìbejì
Mo ka gbogbo yín, inú mi dùn. Nígbà tí mo wọ ibẹ̀, Université nationale du Bénin ni wọ́n ń pè é, 2001 ló di Université d'Abomey-Calavi. Páálí ni káàtì mi ìgbà yẹn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ fótò mọ́ ọn, wọ́n wá lu òǹtẹ̀ kó gun fótò àti páálí pọ̀. Mo ṣì ní i. Ìyá, ẹ sọ fún ọmọ náà kó má da káàtì ẹ̀ nù lẹ́yìn ọdún kan tó bá gba tuntun, ó lè wúlò tó bá ń wá ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ iwájú.

Ará_Ṣábẹ̀
Tó bá sọnù: komisáríà tó sún mọ́ ọn ni kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó ní òun fẹ́ ṣe déclaration de perte, ìwé pé nǹkan òun sọnù, kó mú CIP àti fọ́tókópì káàtì dání. Ìwé tí wọ́n bá fún un ló máa gbé lọ scolarité, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní yunifásítì, láti bèrè òmíràn. Kó má ní òun á kọ́kọ́ wá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Tèmi bọ́ sílẹ̀ lórí zém, mo ń retí pé ẹni tó rí i á pè mí, àsìkò ìdánwò bá mi bẹ́ẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́.

Kó má sì fi fótò káàtì ẹ̀ sórí status WhatsApp nítorí ayọ̀. Ojú ẹ̀, orúkọ ẹ̀, matricule ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, olè á pè é, á pe matricule ẹ̀ fún un, á ní bourse ẹ̀, owó ìrànwọ́ ìjọba, ti jáde, kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lórí MoMo. Ọmọdé á gbà á gbọ́ torí ẹni náà mọ matricule ẹ̀.

Ọmọ_Ìlárá
Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un, káàtì yunifásítì kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Àwa tá a máa ń sọdá láti Kétu lọ sí Ìmẹ̀kọ fún ìgbéyàwó, àwọn kan rò pé ó tó. CIP gan-an, ẹ má gbára lé e lẹ́nubodè, káàdì ìdánimọ̀ oníbayomẹ́tíríkì tàbí páásípọ́ọ̀tù ni.

Aláṣọ_Wàǹdó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. A tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ àná bí olùkọ́ ṣe wí. Orúkọ ìdílé bára mu. Ṣùgbọ́n prénom ẹ̀ lórí ìwé ìbí àti ìwé bákì ní s méjì, lórí CIP ó ní s kan. Ọkàn mi já. Ṣé kí n lọ ANIP kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ àbí lẹ́yìn ẹ̀?

Olùkọ́_Kétu
Ẹ lọ ṣáájú, ìyá. Ẹ mú ìwé ìbí gan-an dání, kì í ṣe fọ́tókópì nìkan, kí ọmọ náà bá yín lọ. Tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ bá fẹ́ kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe, kó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe wà lórí ìwé ìbí àti bákì, kó tọ́jú ìwé tí ANIP bá fún un mọ́ fiche ẹ̀.

Aláṣọ_Wàǹdó
Ọ̀la mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aago méje la máa jáde nílé.