Ṣé irun inú imí lè fi ẹranko tó pa ewúrẹ́ hàn?

Aṣọ́gbó Borgu (New Bussa):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Létí ọgbà ẹranko Kainji, lápá Borgu, àwọn darandaran kó imí gbígbẹ kan tó funfun wá fún wa, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ gàá tí ewúrẹ́ ti sọnù ni àwọn ti rí i. Irun pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbà pé kìnnìún ni, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ májèlé. Ṣé irun yìí tó ẹ̀rí? Bó bá dé kóòtù ńkọ́?

Ìyá Láàbù (Gwagwalada):
Irun inú imí, ti ẹran tí wọ́n jẹ ni, kì í ṣe ti ẹni tó jẹ ẹ́, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí ẹranko náà gbé mì nígbà tó ń lá ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ irun ewúrẹ́ lóòótọ́, ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé nǹkan kan jẹ ewúrẹ́, ó sì lè jẹ́ òkú ewúrẹ́ ló bá nílẹ̀. Eegun ló ń sọ imí di funfun: ìkookò máa ń fọ́ eegun jẹ, imí rẹ̀ a sì funfun bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n ajá gàá tó ń jẹ eegun náà lè yà bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní tìtorí àwọ̀ nìkan fẹ̀sùn kan kìnnìún.

Ẹ fọ irun gígùn tó le níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó rọ̀ bí òwú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ lórí gíláàsì, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó bá gbẹ. Àwòrán ìpẹ́ ara irun náà yóò kù síbẹ̀ fún máíkírósíkóòpù. Ẹ wo mùdùnmúdùn àárín irun pẹ̀lú: ti ènìyàn kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú irun, ti ọ̀pọ̀ ẹranko ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ní irun ewúrẹ́ àti ti ẹtu tí ẹ mọ̀ dájú láti fi wé e, nítorí irun ẹ̀yìn àti irun ikùn ẹran kan náà kì í dọ́gba.

Aṣọ́gbó Borgu:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Inú ọ̀rá ni wọ́n kó o sí wá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọdẹ Akọ̀wé (Abuja):
Irun kì í tètè jẹrà, ẹ dà á sínú àpò bébà kó má baà bu. DNA ni ọ̀rinrin àti oòrùn ń bà jẹ́. Ara imí lóde ni sẹ́ẹ̀lì ìfun ẹni tó yà á máa ń lẹ̀ mọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti ha díẹ̀, kì í ṣe àárín tí ẹran jíjẹ wà. Ẹ rì í sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù 95%, kí àwọn tó ní ẹ̀rọ lè yẹ cytochrome b wò, ìyẹn apá DNA tó ń fi irú ẹranko hàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ẹyin aràn ń bẹ nínú imí ẹranko apẹranjẹ.

Ní ti kóòtù, agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rí ti kọjá. Imí tí darandaran fúnra rẹ̀ gbé wá kò lágbára tó èyí tí ẹ bá nílẹ̀, tí ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú rúlà, tí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibi tó wà. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún rí òmíràn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ránṣẹ́ pè yín. Ọ̀rọ̀ májèlé ni kí ẹ tètè dá dúró, torí igún àti ajá wọn náà yóò jẹ níbẹ̀.