Kí ló ń mú kí àwọn èèyàn kó lọ sí ìlú kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀, nígbà tí méjèèjì ń dàgbà?

Oníṣirò:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi ti pinnu láti kó kúrò níbi tí a wà. Ìyẹn ti parí, ẹ má bá mi fà á. Ibi tí a máa kó lọ gan-an ni ẹnu wa ò tíì kò lé lórí. Ìlú méjì ló kù. Ìkíní tóbi, àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun ń ya wọ̀ ọ́, owó ilé ò sì dúró sójú kan. Ìkejì ò tó o, àmọ́ òun náà ń gbòòrò, ilé sì pọ̀ níbẹ̀: owó tí èèyàn máa fi gba yàrá méjì ní ìlú kìíní, odindi ilé tó ní àgbàlá ló máa gbà ní ìkejì.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti ń lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá mọ oníṣirò owó á ti mọ̀ pé mo ti fa ìlà sínú ìwé. Owó ilé, owó ọkọ̀, wákàtí tí a máa lò lójú ọ̀nà, bí kíláàsì àwọn ọmọ ṣe kún tó: gbogbo rẹ̀ pátá, ìlú kejì ló ń borí. Síbẹ̀, àwọn tó fi ọ́fíìsì wa sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ìlú kìíní ni gbogbo wọn gbà lọ, àfi ẹnì kan. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára wọn. Mo bi í léèrè, ó ní, "Ibẹ̀ layé wà." Ayé wo? Kò rí i sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó rí, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi dá sí i. Kí ló ń fa èèyàn gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ní kí n lọ gbàdúrà sí i. À ń gbà á.

Bàbá Jẹ́jẹ́:

Iṣẹ́ ni. Ibi tí owó bá wà lẹsẹ̀ ń gbà lọ. Àwáwí ni ìyókù.

Oníṣirò:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà ní ìlú méjèèjì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbà mí ní ìkejì, owó oṣù tí wọ́n pè fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ìkíní. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú.

Ọ̀nà Ìlú:

Àbúrò mi, Bàbá Jẹ́jẹ́ ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìsàlẹ̀. Ọ́fíìsì ètò ìlú ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nítorí ìbéèrè yín yìí gan-an ni wọ́n ṣe ń sanwó oṣù fún wa.

Iṣẹ́ tí ẹ rí yẹn, ẹyọ kan ni. Àwọn tó ń san owó ilé gọbọi ní ìlú kìíní, iṣẹ́ kejì ni wọ́n ń fowó rà, èyí tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí ọ̀gá yín bá dójú sọ yín, tàbí tí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, ilẹ̀kùn mélòó lẹ lè kàn láàárín oṣù kan láìkó ẹrù? Níbi tí àwọn agbanisíṣẹ́ nínú iṣẹ́ yín bá ti pọ̀, ẹ̀ẹ́ kàn sọdá títì ni. Níbi tí wọn ò bá ju méjì lọ, tí ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá yín, ẹ̀ẹ́ máa gbé e mì ni. Ẹ wá fi ti ọkọ yín kún un. Kì í ṣe iṣẹ́ kan ni ìdílé ń wá, méjì ni, nínú ìlú kan ṣoṣo. Ìlú kéékèèké kì í sábà rí méjèèjì pèsè. Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya tó kàwé fi ń rọ́ lọ sí ìlú ńlá, tí wọ́n á máa ráhùn owó ilé, tí wọn ò sì ní kúrò.

Ẹ wo ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Ní 1950, èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.85 ló ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbé e ró. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilé-iṣẹ́ wọn kúrò, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó lè gba gbogbo àwọn tó jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n fi máa ka èèyàn ní 2020, bí 639,000 ló kù.

Ìdí kejì, òun làwọn èèyàn kì í kà sí: ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ará Jámánì kan wà tó ń gbé London, Ernst Georg Ravenstein. Ní 1885, ó yẹ ìwé ìkànìyàn wò, ó rí i pé ọ̀nà kúkúrú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri ń rìn, àti pé ibikíbi tí èrò bá ń wọ́ lọ, àwọn kan ń ti ibẹ̀ padà bọ̀. Àwọn tó ń padà bọ̀ yìí ló ń gbé ìròyìn kiri. Ìlú tí gbogbo ọ́fíìsì yín ń dárúkọ, ẹnì kan ló kọ́kọ́ lọ, ó pe ìkejì, ìkejì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Nígbà míì, ibi tí wọ́n bí ẹni méjì sí ló ń yí ti ìlú padà. Albuquerque, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti dá Microsoft, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní 1975. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1979, Bill Gates àti Paul Allen kó o lọ sí agbègbè Seattle, ìlú tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Seattle ṣe rí kí wọ́n tó débẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwé tí wọ́n fa ìlà sí ló gbé wọn lọ. Ní 1971, Boeing, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, ti dá òṣìṣẹ́ dúró débi pé ọkùnrin méjì tó ń ta ilé àti ilẹ̀ gbé pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní kí ẹni tó bá kẹ́yìn jáde ní Seattle bá wọn pa iná. Ìlú yẹn náà ni Jeff Bezos gbà lọ ní 1994 láti bẹ̀rẹ̀ Amazon, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wà lára ìdí tó sọ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ níbẹ̀ nítorí Microsoft. Òòrùn Albuquerque ju ti Seattle lọ fíìfíì, àmọ́ ìyẹn ò dá wọn dúró síbẹ̀.

Olómi Tútù:

Irú ìlú kejì yìí ni èmi kó lọ, mo sì wà níbẹ̀ títí di òní, ẹ jẹ́ kí n gbèjà wa díẹ̀. Owó ilé ló gbé mi débẹ̀ lóòótọ́. Àǹtí mi ló jẹ́ kí n lè jókòó. Lọ́sẹ̀ tí a dé, ó mú mi jáde lẹ́yìn òjò, ó ń nawọ́ sí ara ògiri àwọn ilé kan ládùúgbò. Ìlà kan wà níbẹ̀, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ga tó orúnkún mi. Wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó, ó tún ti yọ. Ibi tí omi ń gùn dé nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà la ti fẹ́ lọ sanwó fún, lánlọ́ọ̀dù sì ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ó mọ́ tónítóní. Ibo lẹ ti fẹ́ rí ìyẹn kà?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa iṣẹ́ kejì dùn mí wọra. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lo irú iṣẹ́ tí ọkọ mi kọ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n fi kún owó àwọn tó kù, wọn ò fi kún tirẹ̀. Ó lọ béèrè. Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ibo lẹ fẹ́ lọ?" Kò béèrè mọ́. Àgbàlá wa tóbi o, àwọn ọmọ ń sáré níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò sọ pé kí ẹ má wá.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti gbàgbé àwa tí à ń ṣiṣẹ́ láti inú ilé. Ọ̀gá mi ò bìkítà ìlú tí mo wà, kí íntánẹ́ẹ̀tì má ṣáà ti já. Nítorí irú wa, àwọn ìlú kan ti ń náwó. Láti 2018 ni ètò kan ní Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ti ń fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá láti ibòmíì ní 10,000 dọ́là, kó ṣáà gbé ibẹ̀ fún ọdún kan. Wọ́n tún ń wá ibi ìjókòó ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n ń kó àwọn àlejò náà jọ kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ "ẹni tó ti wà níbẹ̀" yẹn náà ni, àwọn kàn ń fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Edward Glaeser, ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀ ajé ní Harvard, ti tẹnu mọ́ ọn pé ìlú Amẹ́ríkà tí Jánúárì rẹ̀, ìyẹn oṣù òtútù wọn, bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló sábà ń yára dàgbà. Phoenix, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Arizona, kọjá Philadelphia nínú ìkànìyàn 2020, ó di ìkarùn-ún nínú àwọn ìlú tó pọ̀ lérò jù lọ níbẹ̀. Nígbà tó di 2023, ooru ibẹ̀ kọjá 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ 31 léraléra, wọn ò sì sá. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ni ìlú yẹn, àwọn èèyàn kàn ń bá a gbé ni.

Bàbá Jẹ́jẹ́:

43 kẹ̀? Ẹ fi mí sílẹ̀ síbi tí mo wà.

Oníṣirò:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi. Ó ní ti iṣẹ́ wáyà yàtọ̀: òun ò nílò ilé-iṣẹ́, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lòun ń wá, ìlú kejì ni wọ́n sì ti ń kọ́lé jù. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀nà Ìlú, ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá ìdàgbàsókè ibẹ̀ máa tọ́jọ́?

Ọ̀nà Ìlú:

Òótọ́ ni, ẹ bá mi kí i. Ìlú tó bá ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ dáadáa làwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń tẹ̀ lé, owó ilé kì í sì í pẹ́ lókè níbẹ̀. Ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, owó ilé fò sókè ní 2021 àti 2022. Wọ́n kọ́ ilé alájà lọ́tùn-ún lósì, kò sì pẹ́ tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kù kí ilé wọn má bàa ṣófo. Ní 2016, Auckland ní New Zealand yí òfin padà kí ilé púpọ̀ lè wà lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló gbà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sá fún owó ilé ìlú kìíní, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú wọn, ẹ béèrè iye ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìkejì náà.

Ní ti pé kó tọ́jọ́, ọ̀rọ̀ omi ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Ìlú tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń sá lọ ní Íńdíà ni Bengaluru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kànga ẹ̀rọ gbẹ níbẹ̀, tánkà ló ń gbé omi kiri àdúgbò, ìjọba sì fòfin de fífi omi mímu fọ ọkọ̀. Ilé ń gòkè, páìpù ò tẹ̀ lé e.

Ẹ lọ wo ìlú méjèèjì ní oṣù tó bá le jù níbẹ̀, ẹ má lọ nígbà ìsinmi. Ẹ dìde ní kùtùkùtù ọjọ́ iṣẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n fẹ́ gbà yín sí. Bí ẹ bá fẹ́ wo ilé, lánlọ́ọ̀dù á ní kí ẹ wá ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ sọ pé aago méje àárọ̀ ló rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi nígbà tí gbogbo ará ilé ń wẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń jáde.

Agbowó-orí:

Ẹ wo owó orí náà dáadáa. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, ó sì wà lára ohun tó ń fa àwọn ará California lọ síbẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n ń gbà lórí ilé wà lára àwọn tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó háyà ilé náà ń san án, inú owó ilé ni lánlọ́ọ̀dù ń fi í sí.

Oníṣirò:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo jókòó lálẹ́ àná, mo ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wá oníṣirò owó. Ní ìlú kìíní, mọ́kàndínlógójì. Ní ìkejì, mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ọkọ mi ní kí n má tíì máa yọ̀, kí a ka ti iná náà ná, ó sì ti ń pe àwọn kọ́ńtíràkítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù bi í bóyá ìwé àṣẹ iṣẹ́ iná tó ní níbí ṣeé lò lọ́hùn-ún, àbí ó máa tún ìdánwò ṣe. A ò mọ̀. Ṣé oníṣẹ́ iná kankan wà níbí tó ti kó láti ìlú kan sí òmíràn?