Irú ìrora tí Panadol kì í ràn

Ará Ṣágámù:
Mo fẹ́ sọ ti màámi, torí ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ pé ìrora tí oògùn ara ríro kò bá ti ràn, ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀.

Obì ni wọ́n ń tà ní Sábó. Ó dé ìgbà kan tí obì kò ṣeé jẹ fún wọn mọ́. Bí wọ́n bá ti fi eyín kàn án báyìí, ìrora á gbá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, láti ẹ̀gbẹ́ imú títí dé àgbọ̀n, bí ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì bá gbé èèyàn. Kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Á lọ, á tún dé. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ sí wọn lójú, ó dé. Wọ́n fẹ́ bọ́jú, ó dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìkan ni wọ́n ń fi pọ́dà sí lọ sọ́jà, wọ́n á fi ìborùn bo ìkejì. Bó bá jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ ni, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ọ̀dọ̀ dókítà eyín la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n yọ eyín kan, kò lọ. Wọ́n yọ ìkejì. Mo rí eyín náà nínú abọ́: ó dá ṣáká, kòkòrò kò jẹ ẹ́ rárá. Ó ń dùn mí títí dòní, torí kò sẹ́ni tó bi wọ́n bí ìrora náà ṣe ń ṣe.

OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù, ni dókítà kan ti jókòó tì wọ́n. "Mà, ṣé ó ń ro yín ni àbí ó ń ta yín? Kí lẹ máa ń ṣe tó fi ń dé? Ṣé ó ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì?" Ó mú òwú, ó fi kàn wọ́n níwájú orí, lẹ́rẹ̀kẹ́, lágbọ̀n, torí ẹ̀ka mẹ́ta ni iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú lọ sí ọpọlọ ní. Trigeminal neuralgia, ìrora iṣan ojú yẹn, lorúkọ àìsàn náà. Ó ní ohun tí aláìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ jù. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, wà láti wò bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ iṣan ojú náà tàbí kókó kan wà ńbẹ̀.

Carbamazepine ló kọ, 100 mg láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ka bébà inú páálí, wọ́n figbe ta: "Oògùn wárápá! Ta ló ní wárápá nílé wa?" Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dà á nù. Mo padà lọ bá dókítà, ó ní iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ tẹ́nì kan kò rán an ni oògùn náà ń tù, ìdí nìyẹn tí Panadol kò fi rí nǹkan ṣe sí i.

Oògùn náà máa ń kọ́ wọn lóòyì, oorun sì ń kùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a rà lò o. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ẹ̀dọ̀ àti iyọ̀ ara, bí nǹkan bá sì sú sí wọn lára, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìtọ̀ ṣúgà ni tèmi. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó mi lóru débi pé aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Nọ́ọ̀sì ní kí n dijú, ó ń fi fọ́nrán ọ̀rá tín-ínrín tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kí n máa sọ ibi tó ti kàn mí. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń jó mi náà ni kò mọ ìfọwọ́kàn! Ṣúgà ló ti ba iṣan jẹ́. Amitriptyline 10 mg ni wọ́n fún mi lálẹ́, ọkọ mi sì ní oògùn àwọn tí ọkàn wọn dàrú ni. Ẹnu mi ń gbẹ, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó mọ̀ lára pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó:
Bàbá mi ní tiwọn, oògùn orúnkún tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ni wọ́n ń rà, èyí tí kò lórúkọ. Ojú wọn wú, ṣúgà wọn gòkè. Dókítà ní steroid, oògùn líle tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò sì lè jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara ti gbára lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bá wọn dín in kù báyìí.