Nígbà tí àfẹ́sọ́nà bá já: ìtùnú àti ìwòsàn ọkàn fún Kristẹni

Ìyá Ìjọ, Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní kí la máa kọ́kọ́ ṣe fún ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já a sílẹ̀, tó sunkún wọlé tọ̀ wá wá. Èmi ò ní sọ pé àwẹ̀. Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó dé bá a kò wàásù, kò sì bá a wí. Àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyín iná àti omi ló gbé síwájú rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún ní kó jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rin ogójì ọ̀sán àti ogójì òru dé Hórébù, níbi tí Ọlọ́run ti wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oúnjẹ àti oorun ni iṣẹ́ wa. Ẹ po ògì fún un láàárọ̀, ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í, kódà bó jẹ́ ṣíbí mẹ́ta péré ló lè jẹ, ẹ tún gbé òmíràn wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Kó wẹ̀. Kó ṣí fèrèsé. Kí ẹnì kan sùn tì í nínú yàrá. Àwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, òòyì ni yóò kọ́ ọ, inú yóò máa ta á, á wá máa rò pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń bá òun jà. Bó bá ní dandan òun máa gbààwẹ̀, kó má kọjá aago méjìlá ọ̀sán, kó sì máa mu omi. Orí òkè àdúrà kò ní sá lọ.

Nọ́ọ̀sì, Àyétòrò

Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Oorun tí kò wá lóru kì í ṣe ohun tí à ń ra oògùn rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Diazepam, oògùn oorun táwọn èèyàn ń gbé mì lẹ́yọ méjì-méjì máa ń di bárakú, kò sì mú ìbànújẹ́ náà kúrò. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kó jí ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kó jáde sí oòrùn àárọ̀, kó rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bíi láti Òkè-Fìà lọ sí apá Ọlá-Ìyá kí mọ́tò tó pọ̀, kó má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, kí fóònù má sì wọ yàrá lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹkún fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò jẹun, tí kò sùn, tí kò lè ṣiṣẹ́, tí ohunkóhun kò sì dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ní UNIOSUN Teaching Hospital ní Òṣogbo níbí, ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Kì í ṣe àbùkù ìgbàgbọ́. Bó bá sì ń sọ pé "ó sàn kí n má sí mọ́", ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ó máa ń tú u sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ni. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn ilé kúrò nítòsí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Mo tún rí ohun kan tí ìjọ kì í fẹ́ dárúkọ: bí wọ́n bá ti jọ sùn, kó lọ yẹ ara wò, HIV àti oyún. Ẹ̀rù tí a kò yẹ̀ wò ló ń jẹ́ kí àdúrà ìrònúpìwàdà di ìfòyà lásán. Ẹ jẹ́ kó mọ ipò tó wà, lẹ́yìn náà kó ka Sáàmù 51.

Olórí Ọ̀dọ́, Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dé orí fóònù, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń tún ọgbẹ́ náà tú. Ètò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Kó tó pa ohunkóhun rẹ́, kó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí tó lè nílò: owó tí wọ́n jọ dá, rìsíìtì, ìhàlẹ̀ bó bá wà. Kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ti báńkì ṣáájú, ti ímeèlì tẹ̀ lé e. Kó kó fọ́tò sórí memory card kan, kó fún ọ̀rẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé bá a pa mọ́. Ẹni tó bá ní kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lóru ọjọ́ kìíní sábà máa ń kábàámọ̀, ẹni tó sì fi wọ́n sórí fóònù kò ní yé wò wọ́n.

Bó bá wá kan WhatsApp, kó dínà mọ́ nọ́ńbà ẹni tó já a sílẹ̀, kó sì sọ fún ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì pé òun kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ya status ẹni yẹn ránṣẹ́ síni ló ń dá nǹkan rú jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi fọ́tò ìhòòhò halẹ̀, kó má sanwó, kó má bẹ̀bẹ̀: òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 mú un, ọlọ́pàá ni kó lọ bá pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀. Ìdáríjì kò ní kó má fẹjọ́ sùn.

Olùkọ́ Bíbélì, Alékùwodò

Mo fẹ́ dúró lórí àdúrà, torí ibẹ̀ la ti ń ṣi ìwòsàn ṣe jù. Èyí tó wọ́pọ̀ ni àdúrà "Olúwa, dá a padà". Ẹni tó bá ń gbà á lójoojúmọ́, ìrètí ìpadàbọ̀ ló ń fi oúnjẹ bọ́, ọgbẹ́ náà kò sì ní san. Èyí tó tún burú ni kí wọ́n ka Sáàmù 109, tó kún fún ègún, lé orí ẹni náà lóru. Kì í ṣe pé inú bíbí kò sí nínú Bíbélì. Ó kún inú Sáàmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ gbé ẹjọ́ náà fún Ọlọ́run, ó kúrò níbẹ̀. Róòmù 12:19 ní kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìbínú Rẹ̀.

Ẹ lo Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni, apá mẹ́ta ló sì ní. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ìráhùn: títí di ìgbà wo, Olúwa? Ẹsẹ 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ 5 àti 6 jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Kí ẹni náà mú ìwé kékeré kan, kó kọ tirẹ̀ bákan náà: ìlà mẹ́rin ti ohun tó dùn ún gan-an, pẹ̀lú orúkọ ohun náà ("ó sọ fún ìyá mi kó tó sọ fún mi"), ìlà méjì ti ohun tó ń fẹ́ lónìí, kì í ṣe ní ọdún tó ń bọ̀, àti ìlà kan ti ohun tó ṣì gbà gbọ́. Bí ìlà ìgbẹ́kẹ̀lé kò bá wá, kó fi í sílẹ̀ ní òfo. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ ẹni tó mọ̀ dáadáa ló ṣe é, Sáàmù 55 ẹsẹ 12 sí 14 ni kó kà: kì í ṣe ọ̀tá ni, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ilé Ọlọ́run ni.

Kó má kọjá ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í jẹ́ àdúrà mọ́, ríro ọ̀rọ̀ kan náà lárò-túnrò ló ń dà. Kó kà á sókè, ní èdè Yorùbá bó bá jẹ́ èdè náà ló fi ń sunkún. "Olúwa ń bẹ létí ọ̀dọ̀ àwọn tí í ṣe oníròbìnújẹ́ ọkàn": Sáàmù 34 ẹsẹ 18, kò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ nu ojú wọn.

Ìbànújẹ́ yóò padà wá o, lẹ́yìn tí gbogbo ayé rò pé ó ti tán. Ẹni tó ń pa aró ní ìlú wa yìí mọ̀ pé a ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò, à ń fà á jáde kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, a tún ń rì í bọ̀ ọ́. Oṣù ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́: kó ti kọ wọ́n sílẹ̀ ṣáájú, kó sì wá ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá kan, Òkè-Baálẹ̀

Olùkọ́, mo gbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹni tó lọ gun òkè àdúrà ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ló rí àlàáfíà níbẹ̀.

Ìyá Ìjọ, Òkè-Fìà

Bàbá wa, ẹ kú àgbà. A kò bu òkè kù. Àmọ́ kò yẹ kí ọmọbìnrin tó ní ìrora ọkàn máa dá gun òkè lóru, torí àwọn kan ń ṣọ́ irú rẹ̀. Wòlíì tó bá ní òun rí "ọkọ ọ̀run", tó ní kó mú abẹ́là méje àti òróró wá, tó tún ní kó wá lálẹ́ lóun nìkan, ẹ sá fún un. Kì í ṣe gbogbo ìfẹ́ tó já ni ayé ṣe. Nígbà mìíràn ọkùnrin náà kò ṣetán ni.

Ẹni tí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan tàbí méjì tó: kó jẹ́ obìnrin fún obìnrin, ọkùnrin fún ọkùnrin, tó dàgbà jù ú lọ, tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ẹnìkẹ́ni nínú wọn. Bó bá máa rí pásítọ̀, kí ìyàwó pásítọ̀ wà níbẹ̀, tàbí kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Níbi àdúrà alájùmọ̀gbà, gbólóhùn kan tó: "Ẹ bá mi gbàdúrà, inú mi bàjẹ́." Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í ní ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ṣe dáadáa.

Nọ́ọ̀sì, Àyétòrò

Mo gbàgbé ti jẹ́nótáìpù. Ìjọ púpọ̀ ń béèrè èsì rẹ̀ kí wọ́n tó gbà kí wọ́n ṣègbéyàwó, AS méjì sì ń túká. Ìrora ibẹ̀ yàtọ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnìkejì, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bínú sí, ìfẹ́ sì ṣì wà. Kí wọ́n tó túká, kí àwọn méjèèjì tún un yẹ̀ wò ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí èsì máa ń ṣì. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kó dúró tó oṣù mẹ́rin, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni á ṣì wà lára rẹ̀. Èsì lè purọ́. Bó bá ti dájú, ìṣirò rẹ̀ ni pé oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, kì í ṣe pé ọmọ kẹrin nìkan ni. Irú àwọn wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ sọ pé "a ó máa ṣe ọ̀rẹ́" lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n jọ gbàdúrà ìdágbére kan níwájú olùdámọ̀ràn, kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Olórí Akọrin, Station Road

Ẹ jọ̀ọ́, ti inú ìjọ ńkọ́, nígbà tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà? Kí ọ̀kan gba ìsinmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó kọ lẹ́tà, kó má kàn pòórá. Bí ìsìn méjì bá wà, kí ọ̀kan máa lọ sí ti àárọ̀. Kó má yára fi ìjọ sílẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, torí nígbà náà ó ń pàdánù ẹni tó fẹ́ràn àti àwọn tó ń tù ú nínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí àwọn méjèèjì sọ fún ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó pé ó ti parí, láìṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìkéde ní ìjọ Áńgílíkà, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kí wọ́n lọ bá fíkà kí Ọjọ́ Ìsinmi tó kàn tó dé. Ẹ wo Jósẹ́fù nínú Mátíù 1:19: kó tó mọ òtítọ́, ó fẹ́ kọ Màríà ní ìkọ̀kọ̀, kó má bàa dójú tì í ní gbangba.

Ìgbà wo ló lè fẹ́ ẹlòmíràn? Èmi kì í dá oṣù. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú ẹlòmíràn, tó gbọ́ ọ, tó sì jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Bàbá kan, Òkè-Baálẹ̀

Ẹrù ìdána náà ńkọ́ o? Bó bá jẹ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìkan ni wọ́n ṣe, oúnjẹ tí wọ́n jẹ ti tán, ẹnikẹ́ni kì í béèrè iṣu. Bí ìdána bá ti wáyé, kí àgbà méjì láti ilé méjèèjì pàdé, kí wọ́n kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Òrùka àti Bíbélì ìdána la máa ń kọ́kọ́ dá padà, tí a wé pọ̀. Bí ìdílé kejì bá kọ̀ ọ́, tí wọ́n ní ká gbé Bíbélì náà dání, ẹ ya ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ sí, kí ẹ fún ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.