Ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú ọmọ mi tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá

Ìyá Tẹ́mi:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní England. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọlọ́pàá mú ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, pé ó jí ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ní tẹ́ṣàn, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ojú gíláàsì ẹ̀rọ kan, wọ́n ń yí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì títí ìlà rẹ̀ fi hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nítorí DNA, wọ́n sì ya àwòrán ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹ̀rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ lẹ́tà náà kò sọ ohunkóhun nípa gbogbo ohun tí wọ́n gbà lára ọmọ. Ọmọ yìí kò jẹ̀bi ẹ̀sùn kankan rí. Ṣé òfin fún wọn láṣẹ láti tọ́jú nǹkan wọ̀nyí?

Bọ́lájí, Manchester:
Ẹ kú ìdààmú ọmọ, mà. Ojú tí òfin fi ń wo ìtẹ̀ka yàtọ̀ sí èyí tó fi ń wo àwòrán, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2001, àwọn ọlọ́pàá gba ìtẹ̀ka àti DNA ọmọdékùnrin ẹni ọdún 11 kan ní Sheffield, wọ́n sì gba ti Michael Marper náà. Ilé-ẹjọ́ dá ọmọ náà láre, wọ́n sì fa ẹjọ́ Marper tì, síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá kọ̀ láti pa ohun tí wọ́n gbà rẹ́. Àwọn méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, níbi tí adájọ́ 17 ti fẹnu kò ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 pé kò tọ́ láti máa tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìní gbèdéke nígbà tí ẹni náà kò jẹ̀bi. Ìdájọ́ yẹn ló bí òfin tí wọ́n ń pè ní Protection of Freedoms Act ti ọdún 2012. Fún ẹ̀sùn bíi jíjí ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ìtẹ̀ka àti àkọsílẹ̀ DNA ọmọ yín rẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ti parí.

Àmọ́ òfin yẹn kò dárúkọ àwòrán ojú. Ilé-ẹjọ́ gíga ní London sọ ní ọdún 2012 pé ọ̀nà tí àwọn ọlọ́pàá ń gbà tọ́jú àwòrán àwọn tí kò jẹ̀bi kò bófin mu. Ohun tí ìjọba wá ṣe ní ọdún 2017 ni pé kí ẹni tọ́rọ̀ kàn fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n pa á rẹ́. Èyí dùn mí gan-an, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ kò ní béèrè, àwòrán rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀.

Akin, Camberwell:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé àkójọ ìtẹ̀ka kò wúlò. Ní ọdún 1902, olè kan fọ́ ilé ní Denmark Hill, nítòsí ibi tí mò ń gbé yìí, ó jí bọ́ọ̀lù bílíádì, àtàǹpàkò rẹ̀ sì kan ọ̀dà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí ojú fèrèsé. Àmì yẹn ni wọ́n fi rí Harry Jackson mú, nítorí pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ìtẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Scotland Yard, olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá London. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Bí ẹni tó ti jẹ̀bi bá ni, èmi kò rí ohun tó burú nínú kí wọ́n tọ́jú tirẹ̀.

Fọláṣadé, Michigan:
Ẹ̀gbọ́n Akin, ojú yàtọ̀ sí ìka. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá Detroit ní Amẹ́ríkà níbí mú Robert Williams níwájú ilé rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kéékèèké méjì, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí 30 wákàtí. Wọ́n ti fi àwòrán olè kan tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù yà, tí kò sì mọ́lẹ̀, wá inú ẹ̀rọ tó ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀, ẹ̀rọ náà sì mú àwòrán ìwé ìwakọ̀ Williams jáde. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán olè náà hàn án, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé òun kọ́. Ní ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá Detroit gbà nínú ìpinnu ẹjọ́ náà pé àwọn kò ní fi èsì ẹ̀rọ nìkan mú ẹnikẹ́ni mọ́. Mà, àwòrán ìwé ìwakọ̀ lásán ló kó ọkùnrin yìí sí wàhálà. Ẹ má fi àwòrán ọmọ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Tẹ́mi:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé sórí ọkọ̀ láàárín ọjà ńkọ́? Ṣé yóò mú un bó bá ń kọjá? Ta ni a ó sì kọ̀wé sí?

Bọ́lájí, Manchester:
Kámẹ́rà inú ọkọ̀ yẹn ń fi ojú ẹni tó ń kọjá wé àwòrán àwọn tí wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà. Bí kò bá bá ẹnikẹ́ni mu, wọ́n ń pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí pàápàá ti dé ilé-ẹjọ́: Ed Bridges pe àwọn ọlọ́pàá South Wales lẹ́jọ́ lórí kámẹ́rà tí wọ́n lò ní Cardiff, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nítorí pé ìlànà wọn fi ẹni tí wọ́n lè wá àti ibi tí wọ́n lè gbé kámẹ́rà sí sọ́wọ́ ọlọ́pàá ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó kan ọmọ yín gan-an ni wíwá ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní àwòrán ọ̀daràn tí wọn kò mọ̀, tí wọ́n sì fi wé àwọn àwòrán tí wọ́n ti yà ní tẹ́ṣàn. Inú àkójọ yẹn ni tirẹ̀ wà.

Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá tó mú un. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n mú un sí i, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fi fa ẹjọ́ tì sí i, kí ẹ ní kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́, kí wọ́n sì fi ìwé jẹ́rìí pé àwọn ti pa ìtẹ̀ka àti DNA rẹ́. Ó ti lé ní ọdún 18, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i.