Ta ló ni ìwòsàn yìí: àdúrà ni àbí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìyá Ìbejì, Mushin:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní Sátidé tó lọ lọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì kan ta kánópì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ojúwòyè, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń pín ìrẹsì. Inú mi dùn pé màmá mi lọ, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo amlodipine, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rọ gbé 128/80 jáde. Arábìnrin tó dè é mọ́ wọn lápá pariwo "Halelúyà!", ni wọ́n bá gbé máíìkì fún Màmá kí wọ́n jẹ́rìí. Kí ìrẹsì tó jáde, ó dìgbà tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọnú ìwé. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò fẹnu kan òògùn mọ́. Wọ́n ní ṣé Ọlọ́run á ṣe é tán, káwọn tún máa gbé òògùn mì?

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ẹ̀rọ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, òògùn òyìnbó ni wọ́n wá lé dànù. Ṣé àánú ló gbé wọn wá, àbí orúkọ inú ìwé yẹn?

Nọ́ọ̀sì Yábà:
Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Òògùn ló mú 128 yẹn wá. Ó ń dì í mú ni, kò wò ó tán. Tí Màmá bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ á tún ru, orí sì lè má fọ́ wọn rárá títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má sì bá wọn jà lórí Ọlọ́run o, ẹ ò ní borí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń ṣe é lásán? Ilé ìwé míṣọ́nnárì làwọn baba wa Mùsùlùmí ń rán ọmọ lọ l'Ékòó yìí, àwọn ọmọ míì sì bá ibẹ̀ di Kìrìsìtẹ́nì. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923. Tọ̀tún-tòsì ló ní ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọmọ, ìwé gidi ni.

Ará Ṣómólú:
Mo máa ń bá ìjọ mi lọ síbi irú ètò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa gbogbo wa pọ̀. Nọ́ńbà tí à ń gbà, ká lè tún béèrè àlàáfíà wọn ni. Ká sì lè pè wọ́n wá sí ìsìn, n ò ní purọ́. Dókítà míṣọ́nnárì ni William Foege nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1966. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò tó. Rédíò tàwọn míṣọ́nnárì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló fi wádìí ibi tí àrùn wà, àwọn tó yí aláìsàn ká ló sì gún lábẹ́rẹ́. Ọ̀nà yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi lé ṣọ̀pọ̀ná kúrò láyé.

Ìyá Ìbejì, Mushin:
Ẹ ṣé gan-an. A lọ láàárọ̀ yìí: 164/98, ó ti ga. Màmá ní ẹ̀rọ ìjọba ló bà jẹ́! Ará Ṣómólú, ẹ bá mi wá pásítọ̀ kan nínú ìjọ yín tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìrẹsì ọjọ́ yẹn, a ti sè é jẹ o.