Wákàtí 3 lọ́jọ́ Sátidé: ta ló lè bá ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ mójú tó àwọn ọmọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá Adó-Èkìtì. Ọmọ oṣù 5 àti ọmọ ọdún 2 ló wà nílẹ̀; ìyá wọn kàn fẹ́ sùn ni. Omi ọmú tí a bá fún sínú ife kì í lò ju wákàtí 4 lọ níta, nínú ooru yìí gan-an kò tó bẹ́ẹ̀, bí iná bá sì lọ, fíríjì di àpótí lásán. Ṣé kúlà oníyìnyín tó? Ìyá àgbà wà ní Ìkẹ́rẹ́, àmọ́ àgbo ló máa kọ́kọ́ rọ ọmọ tí kò tíì yẹ kó mu omi pàápàá (ẹ má rẹ́rìn-ín). Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún wọn láìbínú? Òfin iṣẹ́ sì fún ìyá ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú: báwo lẹ ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá?